Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà: Ìrìn Àjò Mi sí Badarawa

Ẹni tó bá ń retí ìròyìn Mẹ́kà tàbí ti Mẹ̀dínà nínú ìwé wa lọ́tẹ̀ yìí yóò ní láti ṣe sùúrù fún mi. Àdúgbò Badarawa ní ìlú Kàdúná ni mo lọ, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan ló sì gbé mi débẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé tí wọ́n ti ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, àwa Mùsùlùmí tí a ń ṣe òwò sì pọ̀ nínú wọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì fi fóònù pè mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti yọ lójú ọ̀nà Zaria, tòun ti ẹrù lórí, àti pé Ọlọ́hun ló kó wọn yọ. "Àbúrò mi, wá bá mi ta ọkọ̀ yìí. Mi ò rí oorun sùn mọ́."

Ọdún kejì nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ ti jáde láyé, kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ọkọ̀ náà ni olórí ohun tó fi sílẹ̀. Awakọ̀ kan ní àdúgbò ló ń fi kó àlùbọ́sà àti àgbàdo, tó sì ń mú owó wá fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́rin.

Nígbà kan rí, Jẹ́bà, Mokwa, Tegina àti Birnin Gwari ni àwa tí a ń ti Ìlọrin lọ sí Kàdúná máa ń gbà. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà yẹn di ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀ ní àkókò tí mo ń wí yìí, nítorí náà mo gba Lọ́kọ́já lọ sí Àbújá, mo sùn síbẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin ní Idu ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Oṣù keje ọdún 2016 ni wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin yìí. Kò sí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ tí kò rántí ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, tí àwọn agbébọn fi ohun abúgbàmù ba ojú irin jẹ́, tí wọ́n pa àwọn kan, tí wọ́n sì kó àwọn mìíràn wọ igbó. Títí a fi dé Rigasa, bàbá àgbàlagbà tó jókòó tì mí kò gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀.

Láti Rigasa, kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù ló gbé mi la ìlú já. Badarawa wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Kàdúná. Malali àti Unguwar Dosa ni aládùúgbò rẹ̀. Kawo, níbi tí àwọn tó ń lọ sí Zaria àti Kano ti ń wọkọ̀, kò sì jìnnà síbẹ̀. Ilé fara ti ilé, ọ̀nà tóóró ló wà láàárín wọn, ojú àgbàrá sì gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọjá. Àsìkò òjò ni, ẹrẹ̀ pọ̀ nílẹ̀. Ní òwúrọ̀, òórùn kósàí, tí í ṣe àkàrà tiwa gan-an, ni yóò jí èèyàn, bí ìpè ìrun kò bá tíì jí i. Mọ́ṣáláṣí mẹ́rin tàbí márùn-ún ni a máa ń gbọ́ ìpè wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan ti ń parí ni èkejì ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké a sì gbé wàláà wọn lọ́wọ́, wọn a máa rẹ́rìn-ín lọ sí ilé kéwú. Hausa ni èdè ìgboro, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi, èdè Ọ̀ffà ni ẹ óò gbọ́.

Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Gúúsù odò Kàdúná ni wọ́n wà kí rògbòdìyàn ọdún 2000 tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó wá sí àríwá odò, tí ọ̀pọ̀ Krìstẹ́nì sì kó lọ sí gúúsù rẹ̀, tí ìlú kan sì di méjì bẹ́ẹ̀. Bárò kan ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi tún ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Badarawa, tó ń fi í ti ẹrù oníẹrù lọ́jà. Ẹ fojú inú wo ohun tí píkọ́ọ̀pù jẹ́ fún un nígbà tó rà á ní ọdún 2014.

Ìlú tó mọ ọkọ̀ ni Kàdúná. Ọdún 1972 ni ìjọba àpapọ̀ bá àwọn ará Faransé tọwọ́ bọ̀wé lórí ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1975. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to Píjò 504 pọ̀, ọkọ̀ tí a máa ń mọ ìró rẹ̀ ní ìgbà èwe wa kí ó tó yọ ní kọ̀rọ̀. A-kori-kura ni àwọn Hausa ń pe píkọ́ọ̀pù. Bí ẹ bá tú u palẹ̀, ó di "ká lé ìkookò". Àwọn ìbejì ẹ̀gbọ́n mi a máa fi orúkọ yìí ṣe eré: ọ̀kan a di ọkọ̀, èkejì a di ìkookò.

N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣe ọkọ̀ tiwa, nítorí pé ẹ̀bi rẹ̀ kò sí lọ́rùn wọn. Tòkunbọ̀ ni. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlá ní ìlú òtútù kí ó tó gba Kútọnu wọlé, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Awakọ̀ ló sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń ti Zaria bọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ó gbọ́ ìró kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn, kọ̀-kọ̀-kọ̀, ó rò pé ẹrù ló ń mì. Ó dín eré kù, ohun tó sì gbà wọ́n là nìyẹn. Lójijì ló rí táyà kan tòun ti rímù rẹ̀ tó ń yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó ní òun tilẹ̀ ń bi ara òun pé ọkọ̀ ta ni èyí ti yọ, kí ìdí ọkọ̀ tirẹ̀ tó lulẹ̀ gbàà. Táyà náà já wọ oko ọkà bàbà, kò sì kan ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́jà kan ló jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà níbẹ̀ ńkọ́?

Wọ́n ti fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ délé kí n tó dé. Wẹ́dà àgbàlagbà kan, ọmọ Hausa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Malam, ni ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi níbi tí Hausa tèmi bá parí sí. Kò kọ́kọ́ wo ọkọ̀ rárá. Rímù tó yọ ló ní kí wọ́n gbé wá. Ihò tí ìṣó wíìlì ń gbà kọjá lára rẹ̀ kò rí roboto mọ́, ó ti gùn bí ẹyin adìyẹ. Láti etí ihò kọ̀ọ̀kan, ilà pupa tín-ín-rín ṣàn lọ sí etí rímù. Malam fi ìka tọ́ ọ̀kan nínú ilà náà. Ó ní, "Ẹkún ni èyí. Ó ti pẹ́ tó ti ń sunkún, ẹ kò wò ó."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí olùkọ́ ti ń ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́, ó sì tọ́ sí mi. Èrò tèmi ni pé ìṣó wíìlì àti nọ́ọ̀tì ló gbé ọkọ̀ rù. Ó ní rárá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀tì ni pé kí ó fún rímù mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí rímù ń jókòó lé, kí àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra pinpin. Fífún mọ́ra yẹn gan-an ló ń gbé ẹrù. Ó ki àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ní kí n fà wọ́n ya. N kò lè ṣe é. Ó wá bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sáàárín wọn, ọwọ́ náà sì ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ìpẹtà ṣe rí láàárín rímù àti họ́ọ̀bù nìyẹn. Ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìjàǹbá, awakọ̀ wa ti pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn lọ́dọ̀ afátẹ́gùn-sí-táyà kan. Ẹni yẹn gbé rímù lé ìpẹtà láìfi búrọ́ọ̀ṣì onírin há a kúrò, ó gun orí sípánà, ó fún un dan-in dan-in. Ó le lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń rìn ni ìpẹtà ń fọ́ sí ìyẹ̀fun, tí àyè ń ṣí sílẹ̀ láàárín irin méjèèjì, tí nọ́ọ̀tì sì ń dẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń sọ pé bí a bá pààrọ̀ táyà, kí a tún fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ lẹ́yìn bí ọgọ́rin sí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Kò sí ẹni tó tún un fún.

Táyà fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wọ́n rà á bí ọjà tó dára. Ṣùgbọ́n lára táyà, níparí àwọn àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 0709 ló wà lára tiwa, ìyẹn ọ̀sẹ̀ keje ọdún 2009. Táyà ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n tà fún opó.

Mo bi Malam pé ṣé bí a bá pààrọ̀ rímù àti ìṣó wíìlì, ọ̀rọ̀ kò ti tán. Kò dáhùn. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó to òkúta sábẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí n wọlé tọ òun wá. Mo ká jàlámíà mi sókè, mo wọlé. Ó fi hámà kékeré kan kan irin ṣásì láti iwájú lọ sẹ́yìn. Níwájú, ìró rẹ̀ ń dún gan-an bí agogo. Bó ti ń sún mọ́ ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so kọ́, ohùn náà yí padà, ó di ohùn pákó. Ó mú síkúrù-díráfà, ó tì í, ó sì wọlé. Kò lo agbára rárá. Irin tí ó gbé gbogbo àlùbọ́sà Zaria ti di ìpele ìpele bí èèpo igi, ó ti wú síta, nítorí pé irin tó bá di ìpẹtà máa ń fẹ̀ ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè yóò rò pé ó nípọn sí i ni.

Níbo ni gbogbo ìpẹtà yìí ti wá? Mo bi í, nítorí pé Kàdúná kò sí létí òkun, ọyẹ́ sì máa ń gbẹ gbogbo nǹkan níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọọdún. Ìdáhùn wà nínú ọdún mẹ́tàlá tí ọkọ̀ náà lò nílẹ̀ òtútù. Nígbà tí yìnyín bá bo ojú ọ̀nà níbẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń fọ́n sí i kí ó lè yọ́. Omi iyọ̀ náà a máa ta sábẹ́ ọkọ̀, a máa wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ṣásì, a sì jókòó síbẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ nìkan tó láti mú irin dógùn-ún. Bí iyọ̀ bá dara pọ̀ mọ́ wọn, iṣẹ́ náà a yá gan-an. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á ti kùn ún. Òjò tiwa kàn ń bá iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ ni.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá fínra lókè òkun mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ Toyota ní Amẹ́ríkà fi ọdún 15 ṣe onígbọ̀wọ́ fún ṣásì àwọn píkọ́ọ̀pù Tacoma tí wọ́n ṣe láti 1995 sí 2000 nítorí ìpẹtà. Èyí tó bá ti kọjá àtúnṣe, wọ́n rà á padà ní ìlọ́po kan àbọ̀ iye tó ń lọ lọ́jà. Ní ọdún 2009 wọ́n tún pe nǹkan bí 110,000 píkọ́ọ̀pù Tundra padà ní àwọn ìpínlẹ̀ 20 tí òtútù ti ń mú, nítorí pé ìpẹtà lè jẹ irin tó gbé sípíà táyà débi pé táyà náà yóò já bọ́ sójú ọ̀nà. Ní ọdún 2016, wọ́n gbà láti parí ẹjọ́ kan tó kan ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀, pẹ̀lú owó tó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún rí ẹni pè lẹ́jọ́. Opó tó wà ní Badarawa, ta ni yóò pè?

Ibi tí mo dé yìí ni ojú ti ń tì mí láti sọ, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Akùnkọ̀ kan ní àdúgbò wá wo ọkọ̀ náà. Ó ní kò sí wàhálà: òun yóò fi pọ́tì dí gbogbo ojú ihò, òun yóò kùn ún ní funfun, òun yóò fi ọ̀dà dúdú pa abẹ́ rẹ̀, a ó sì tà á ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà. Bó ti wà yẹn, kò lè tó ìdajì iye bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tilẹ̀ ti wà ńlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kwaru tó fẹ́ máa fi gbé búrẹ́dì.

Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Gẹ́gẹ́ bí òfin ogún wa, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tirẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́fà ni ti ìyá ọkọ rẹ̀ tó ṣì wà láàyè, ìyókù sì jẹ́ ti àwọn ọmọ. Owó ọmọ òrukàn ni. Mo wá ń sọ fún ara mi pé alágbàtọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín ohun ìní ọmọ òrukàn kù; pé oníbàárà ní ojú, kí ó fi wo ohun tó ń rà; pé ta ló sọ fún àwa náà ní ọdún 2014? Èmi tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì nípa ọkùnrin tó ń ta ọkà ní Mẹ̀dínà, tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà rẹ̀ tó sì kan tútù nísàlẹ̀! Mo ti kọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá, mo sì ti fún àwọn ọmọ ní máàkì lórí rẹ̀.

Mo sọ èrò mi fún Ìyá Ìbejì lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ó ń ṣa ìrẹsì lórí atẹ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Àbúrò mi, ọmọ ọdún mélòó ni o pe oníbúrẹ́dì yẹn?"

Mo ní, "Kò lè ju mẹ́tàlélógún lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó mú àbúrò rẹ̀ kékeré dání nígbà tó wá wo ọkọ̀. O rí i?"

Mo ní mo rí i.

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ìyẹn yóò máa jókòó sí, lórí búrẹ́dì." Ó dá ìrẹsì padà sínú atẹ. "Mi ò sọ fún ọ pé kí o wá bá mi gbé oorun mi fún ẹlòmíràn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé, Malam ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. A fún un ní tọ́ọ̀ṣì. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, a gbọ́ tó ń kan irin, a sì gbọ́ nígbà tí síkúrù-díráfà wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ra ọkọ̀.

Kí ó tó lọ, Malam kọ́ ọ ní nǹkan díẹ̀ tí mo kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Kí ó mú òòfà kékeré lọ́wọ́ bí ó bá ń lọ wo ọkọ̀: níbi tí irin bá wà, òòfà yóò lẹ̀ mọ́ ọn, níbi tí pọ́tì bá nípọn, yóò já bọ́. Kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ tí ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ tuntun ju ti òkè lọ. Bí ó bá ti ìrìn àjò dé, kí ó gbé ọwọ́ sún mọ́ àárín rímù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn tó kù lọ, ó ṣeé ṣe kí béárìnì rẹ̀ ti ń bàjẹ́ tàbí kí bíréèkì rẹ̀ há. Bí ó bá gbé ọkọ̀ sókè, kí ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ó mì í. Kò yẹ kí ó yẹ̀. Ó ní kí ó máa fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀, kí ó sì máa yọ ẹrẹ̀ kúrò níbi tí omi ń gbà jáde nínú ilẹ̀kùn, nítorí pé inú ni ilẹ̀kùn ti ń dógùn-ún wá síta.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo lò ní Badarawa. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣì dára. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníbúrẹ́dì yìí kan náà ló padà wá rà á pẹ̀lú gíà rẹ̀, fún ọkọ̀ mìíràn tó ti rí. Ó ní òun mọ̀ pé ẹni tó fi ihò ṣásì han òun kò ní purọ́ ẹ́ńjìnnì fún òun. Malam jó ṣásì sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì tà á fún àwọn oníṣẹ́ irin ní Panteka. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin-lé-lẹ́gbẹ̀rin náírà. A pín in bí òfin ti wí, tí ìyá ọkọ rẹ̀ sì fi ìpín tirẹ̀ ta àwọn ọmọ lọ́rẹ. Ó tó owó ilé ẹ̀kọ́ títí di ìparí sáà kìíní, kò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ wa ti gba kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù ẹnìkan, ó ń gbé èrò láti Badarawa sí Kawo.

Rímù tó yọ nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí wọ́n tà. Ó ní kí Malam jó ẹsẹ̀ mẹ́ta mọ́ ọn, ó gbé e síwájú ilé, ó sì fi ṣe àdògán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ń padà lọ sí Rigasa, iná ń jó nínú rẹ̀, agbada òróró wà lórí, àwọn ọmọ ilé kéwú sì ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú wàláà wọn, wọ́n ń dúró de kósàí.